Òdo Yàtọ̀ sí Àìwò: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtọ́jú Àkọsílẹ̀ Ìwádìí

Bí ènìyàn bá dúró ní etí ọ̀sà Nokoué ní Abomey-Calavi, ní èbúté tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Ganvié, tí ó bu omi sínú ìgò, tí ó sì fi ẹ̀rọ wọn iyọ̀ inú rẹ̀, yóò rí nọ́ńbà kan. Kí a sọ pé 5 ni nọ́ńbà náà. Kí ni 5 yìí sọ fún wa? Bí a kò bá mọ oṣù tí wọ́n bu omi náà, kò sọ nǹkan kan fún wa. Nígbà tí odò Ouémé àti odò Sô bá kún, láàrin oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, omi wọn a ya wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ ibẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ojú ọ̀nà omi tí wọ́n là ní Kútọnu ní 1885 wọlé, ọ̀sà a sì di oníyọ̀. Nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ ohun ìyanu ní oṣù Kẹwàá, kí ó sì jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Kẹta. Bí a kò bá sì mọ̀ bóyá ojú omi ni wọ́n ti bù ú tàbí ìsàlẹ̀, bóyá nítòsí Kútọnu ni tàbí níbi tí odò ti ń wọlé, bóyá gíráàmù iyọ̀ nínú kílógíráàmù omi ni 5 náà tàbí òṣùwọ̀n mìíràn, nọ́ńbà wà lọ́wọ́ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti bọ́ sọnù.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ dàbí ọ̀rọ̀ akọ̀wé lásán, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ẹni tí ó wọn nǹkan, tí kò sì kọ bí ó ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀, ǹjẹ́ ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán? Ọ̀pọ̀ yóò ní ó ti ṣe é tán: ó ti rí èsì, ó ti kọ ìwé oyè rẹ̀, àwọn olùkọ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ẹbí ti pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ti jẹun. Ọjọ́, ibi, irinṣẹ́ àti ọ̀nà tí ó gbà dàbí ìyẹ̀pẹ̀ tí ó kù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kíkọ́ lójú wọn. Èmi rò pé níbẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti di ọ̀rọ̀ láàrin ènìyàn méjì. Nọ́ńbà tí kò ní àlàyé kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Kò pọn dandan kí á lọ jìnnà kí á tó rí ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Abomey, olú-ìlú Dahomey àtijọ́. (Kì í ṣe Abomey-Calavi tiwa yìí o, ọ̀nà ibẹ̀ lé ní 100 kìlómítà sí ìhà àríwá, mo sì mọ àwọn àlejò tí orúkọ méjèèjì ti da ìrìn wọn rú.) Melville Herskovits, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wá ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1931, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1938, kọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa bí ààfin ṣe ń ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń kà wọ́n, òkúta kan fún ènìyàn kan. Wọ́n á kó òkúta sínú àpò, wọ́n á sì rán àmì mọ́ ara àpò, kí a lè mọ irú ẹni tí a kà síbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti kà á. Bóyá gbogbo rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ròyìn rẹ̀, a lè jiyàn lórí ìyẹn. Àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ wa kò sì gbàgbé pé ìjọba kan náà ló kó ìlú wọn ní 1886. Mímọ iye ènìyàn kà kò sọ ọ́ di aláàánú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò náà. Ká ní ẹnìkan yọ́ wọ ibẹ̀ lóru, tí ó sì da gbogbo òkúta inú àpò sí àárín àgbàlá. Òkúta kan kò sọnù. Bí ìwọ bá ní sùúrù, o lè jókòó kí o kà wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àpapọ̀ wọn yóò sì pé. Síbẹ̀, ìkànìyàn náà ti parun. Kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé òkúta yìí ni ọkùnrin àgbà, pé èyí ni ọmọdébìnrin, pé abúlé báyìí ni wọ́n ti kó èyí wá. Ohun tí ó parun kò sí nínú òkúta rárá. Ara àpò ni ó wà.

Àrokò tiwa rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà jọ ń dún létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Àwọn àrokò kan wà lónìí ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè wa, owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn ni, ó parí. Àwọn tí ìwé pélébé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn tí kò ní i ti yadi.

Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé àmì ara àpò fúnra rẹ̀ a máa gbó. Ẹ jẹ́ kí n mú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Université du Dahomey ni wọ́n pè é. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1975, orílẹ̀-èdè yìí pa orúkọ dà sí Bénin, ilé ẹ̀kọ́ náà sì di Université nationale du Bénin. Ní 2001 ó di Université d'Abomey-Calavi. Láàrin àkókò yẹn, yunifásítì tí ó wà ní Lomé, ní Tógò, ni ó ń jẹ́ Université du Bénin, títí wọ́n fi sọ ọ́ di Université de Lomé ní 2001. University of Benin sì wà ní Nàìjíríà, ní ìlú Ẹdó, ó ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ dòní. Wàyí o, ká ní a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, a bá àpótí erùpẹ̀ oko kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ “Univ. Bénin, 1985” sí lára. Ìlú mẹ́ta ni ó lè jẹ́, nínú orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò purọ́. Ó mọ ibi tí ó wà, gbogbo ẹni tí ó yí i ká sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò rò ni pé ẹni tí yóò kà á kò ní sí níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn àjọ tí ń ṣe ìwádìí òfuurufú, tí pípàdánù dátà ti dùn gan-an, ló pilẹ̀ ìlànà ìpamọ́ tí a mọ̀ sí ISO 14721, tí àgbáyé tẹ́wọ́ gbà ní 2003. Ìwé náà gùn, ó sì gbẹ bí ẹja ojú àárò, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà ní ìdí rẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ó ní kí ẹni tí ó fẹ́ pa nǹkan mọ́ kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó ń pa á mọ́ fún, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni yẹn ti mọ̀ ná. Ohunkóhun tí ẹni yẹn kò bá mọ̀, òun ni kí a kọ mọ́ ọn. Ẹ kíyèsí ohun tí èyí ń bèèrè lọ́wọ́ wa. Ó ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó nínú yàrá rẹ̀ ní Calavi ro àjèjì kan tí kò rí rí, kí ó sì ro àìmọ̀ àjèjì náà pẹ̀lú àánú. A máa ń ṣe é fún àlejò tí ó bá dé ilé wa: a kì í sọ fún un pé “ó wà níbi tí ó máa ń wà.” A á na ìka sí ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù lọ ni ọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ti fi ń wọn òjò ní ilẹ̀ yìí. Àjọ ORSTOM ti ilẹ̀ Faransé, tí ó ń jẹ́ IRD láti 1998, kó òjò ojoojúmọ́ Dahomey jọ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ibùdó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ títí di 1965, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ olùwòye kò ṣòroó ṣàlàyé. Láràárọ̀, yóò lọ sí ìdí agolo ìwọ̀n òjò, yóò wo omi tí ó wà nínú rẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ní mìlímítà. Bí òjò kò bá rọ̀, yóò kọ 0. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dá a gúnlẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá lọ sin òkú ní ìlú ìyá rẹ̀? Bí ewúrẹ́ bá ti agolo ṣubú? Kí ni yóò kọ?

Òdo túmọ̀ sí pé mo wò ó, kò sí. Àlàfo túmọ̀ sí pé n kò wò ó. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jìnnà síra wọn gidigidi ni. Ọmọ Yorùbá tí ó lọ sí ọjà tí kò rí ẹni tí wọ́n rán an sí mọ̀ pé “kò wá” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú “mi ò rí i”. Bí ó bá sọ ti àkọ́kọ́ nígbà tí ti kejì ni òtítọ́, ó ti jẹ́rìí èké mọ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, àlàfo kò dùn-ún wò. Tábìlì tí ó ní ihò dàbí aṣọ tí ikán jẹ. Nítorí náà, ẹnìkan a fi 0 dí i: olùwòye fúnra rẹ̀ ni bí, ọ̀gá rẹ̀ ni, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tẹ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà, tí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sì fẹ́ àlàfo. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dá kan ti wà nínú ìwé tí Ọlọ́run kò rán. Ọ̀dá tòótọ́ sì wà o: ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọdún 1970 àti 1980 gbẹ ju àwọn ọdún tí ó ṣáájú wọn lọ. Bí òdo tí a wò àti òdo tí a fi dí ihò bá dàpọ̀ mọ́ra wọn nínú àkọsílẹ̀ irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí àlùkámù tí yóò lè yà wọ́n mọ́.

Ẹ má rò pé àlàfo kan dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Ọjọ́ tí òjò bá pọ̀ jù lọ gan-an ni ọ̀nà máa ń já, ni olùwòye kì í lè dé ìdí agolo, ni agolo fúnra rẹ̀ máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí a kò wò lè jẹ́ ọjọ́ tí ó yẹ kí á wò ju gbogbo ọjọ́ ọdún náà lọ. Ní 2010, omíyalé bo ibi púpọ̀ ní Bénin, ó sì kan àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 600,000. Ẹnjiníà tí yóò ṣe afárá tàbí ojú ọ̀nà omi lábẹ́ títì lẹ́yìn irú rẹ̀ ní láti mọ òjò ńlá tí ó ti rọ̀ rí láàrin ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó lè mọ bí yóò ti fẹ̀ tó. Bí wọ́n bá fún un ní ìwé tí òdo wà níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti kọ “agolo kún, n kò mọ iye tí ó dà sílẹ̀,” afárá rẹ̀ yóò kéré. Ẹni tí omi yóò gbé lọ níbẹ̀ kò mọ olùwòye náà, kò sì ní mọ̀ láéláé pé òdo kan ló pa òun.

Kí ni ó ń mú ènìyàn kọ òdo? Ní tèmi, mi ò gbà pé ọ̀lẹ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìtìjú ni. Láti kọ “n kò lọ” jẹ́ láti jẹ́wọ́ níwájú ọ̀gá. Láti kọ 0 kò ná ènìyàn ní nǹkan kan. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí a ti ń bá olùwòye wí fún àlàfo ni a ti ń kọ́ ọ ní irọ́. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ ìwé tí kò ní ihò kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí wọ́n bá fi irọ́ dí ihò náà fún un. Èyí kan olùkọ́ tí ń wo mémoire, ó sì kan ìgbìmọ̀ tí ń yẹ thèse wò.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi owó ara rẹ̀ san zémidjan lọ sí oko ìwádìí, tí iná ń kú mọ́ lọ́wọ́, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà àlòkù ṣiṣẹ́, kí ló kàn án pẹ̀lú ẹni tí yóò ka dátà rẹ̀ ní 2080? Kí ni ẹni tí a kò tíì bí ti ṣe fún un rí? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé kò dìgbà tí a bá dé 2080 kí gbèsè tó wọlé. Obìnrin kan wà ní Sô-Ava tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ẹja tí ó fẹ́ yan ń retí rẹ̀, tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí méjì: ẹja mélòó, owó mélòó, ọmọ mélòó, omi ibo ni ẹ ń mu. Ní èṣí, òmíràn ti bi í. Ní àmọ́dún, òmíràn yóò tún wá, nítorí pé ìdáhùn ti èṣí ti kú sínú clé USB kan tí kò ṣí mọ́, tàbí pé ó ṣí, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí “Q7b = 2” túmọ̀ sí. Obìnrin yìí ti fi àkókò rẹ̀ san owó ìwádìí náà ṣáájú ìjọba àti ṣáájú àjọ kankan. Ẹni tí ó gba àkókò rẹ̀ tí ó sì jẹ́ kí ó ṣègbé ti mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ní ti àwọn tí a kò tíì bí, àwa náà ti jẹ́ wọn rí. Nínú ọgbà yunifásítì wa ni Herbier national du Bénin wà, níbi tí wọ́n ti ń pa ewé gbígbẹ mọ́ lórí páálí. Ní 2006, Akoègninou, van der Burg àti van der Maesen darí ìwé Flore analytique du Bénin, tí ó ka irú ewéko 2,807 ní orílẹ̀-èdè yìí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé bí kò bá ṣe ìwé pélébé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ páálí: ẹni tí ó já ewé náà, nọ́ńbà tí ó fún un, ọjọ́, ìlú, bóyá etí odò ni tàbí orí àkúrọ̀, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Yọ ìwé pélébé yẹn kúrò, ohun tí ó kù wúlò fún iná dídá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ wọ́n ti kú. Kò sí èyí tí ó mọ̀ nínú wọn pé lọ́jọ́ kan àwọn ènìyàn yóò máa fi páálí wọn wá ibi tí igbó ti wà kí ó tó di ilé. Wọ́n kàn kọ ọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti rí.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, inú ilé wa ló sì ti jáde. Ṣé gbogbo ohun tí a mọ̀ ni ó yẹ kí á kọ sílẹ̀ kí ayé lè rí i? Pierre Verger, Faransé tí ó gba Ifá ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, kó oògùn jọ pẹ̀lú orúkọ ewé, odù tí ó bí i, àti ọfọ̀ rẹ̀. Ó tẹ èyí tí ó lé ní 400 jáde nínú ìwé Ewé ní 1995, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Mo yìn ín nítorí pé kò ya ewé kúrò lára ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi hàn pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ a máa jọ dún, tí ó fi jẹ́ pé ewé tí a kọ sílẹ̀ láìsí ọfọ̀ rẹ̀ dàbí òkúta láìsí àpò. Síbẹ̀, ohun tí ó wà nínú ìwé ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, ilé iṣẹ́ oògùn pẹ̀lú. Ìwé Àdéhùn Nagoya, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2010 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ń gbìyànjú láti dáàbò bo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2019, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ káàkiri àgbáyé gbé ìlànà CARE jáde, tí ó ní ẹni tí ó ni ìmọ̀ ni kí ó ní àṣẹ lórí dátà rẹ̀.

Lójú tèmi, ìpamọ́ àti ìṣípayá kì í ṣe ohun kan náà. Awo ní òfin tirẹ̀: ẹni tí ó lè mọ̀, ìgbà tí ó lè mọ̀, ohun tí yóò ti ṣe ṣáájú. Àpótí lè wà ní títì, kí a sì kọ sí ara rẹ̀ pé oògùn ibà ló wà nínú rẹ̀, pé ìdílé báyìí ló ni ín, pé àgbà báyìí ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ìlànà FAIR ti 2016, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń tẹ̀lé lónìí, pàápàá kò sọ pé kí gbogbo dátà wà ní ìta gbangba. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ọ̀nà tí a lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Èyí tí ó burú ni àpótí títì tí kò ní àmì kankan. Ọjọ́ tí onílé bá kú, wọn yóò gbé e sọ sí ààtàn pẹ̀lú àwọn bàtà rẹ̀.

Nígbà tí mo sì ti dárúkọ Ifá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún kọ́. Odù 256 pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn kò sí nínú ilé kan ṣoṣo. Wọ́n wà lórí ọ̀pọ̀ babaláwo ní ọ̀pọ̀ ìlú, ní Kétu, ní Ifẹ̀, ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì rékọjá òkun. Níbi tí awo bá ti pé jọ tí ọ̀kan ń kì í, àwọn yòókù ń tẹ́tí. Bí ó bá ṣì í, àgbà á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà púpọ̀, àyẹ̀wò ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi wé ti NASA: ní 2009 ni wọ́n kéde pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa ohun tó wà lórí àwọn téèpù àkọ́kọ́ ti Apollo 11, ìrìn-àjò òṣùpá ti 1969, rẹ́, kí wọ́n sì ti lo téèpù náà fún iṣẹ́ mìíràn. Àwòrán tí a ń wò lónìí, ẹ̀dà tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi pamọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn ló gbà á là. Ọrọ̀ Amẹ́ríkà kò pa á mọ́; pípọ̀ tí ẹ̀dà pọ̀ ni. Mi ò sọ pé kí á fi àròsọ rọ́pò kọ̀ǹpútà. Ọmọ awo tí ó bá kúrò ní ìdí ọ̀gá rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ ní Kútọnu mú kí okùn náà já, kò sì sí fáìlì tí a lè ṣí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Kí dátà wà nínú fáìlì tí gbogbo kọ̀ǹpútà lè ka, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà pẹ̀lú àmì ìdánudúró láàrin wọn, kì í ṣe nínú ètò kan ṣoṣo tí a ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ojú ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó sọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́, òṣùwọ̀n rẹ̀, irinṣẹ́, ẹni tí ó wọ̀n ọ́n, àti àmì tí a fi ń mọ àìwò. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yẹn kì í ṣe eré. Ní oṣù Kẹsàn-án 1999, ọkọ̀ Mars Climate Orbiter ṣègbé lẹ́bàá Mars nítorí pé ẹgbẹ́ kan ń fi òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ṣírò agbára ẹ́ńjìnnì, ẹgbẹ́ kejì sì rò pé òṣùwọ̀n mítà ni. Ní ọjà tiwa, tongolo ni wọ́n fi ń wọn àgbàdo àti gààrí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ “tongolo 3” láì wọn tongolo ọjà yẹn wò lórí ìwọ̀n kílò ti rán ọkọ̀ tirẹ̀ náà sí Mars. Ọjọ́ tí a wọn nǹkan ni kí á kọ àlàyé rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tí ó kọ ọ́ gan-an ti di àjèjì sí i.

Ohun tí ó ṣòro ni pé ẹnikẹ́ni kì í yin ẹni tí ó ṣe é. Nínú ìgbéga àwọn olùkọ́ yunifásítì, ìwé tí a tẹ̀ jáde ni ó ń wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó lo ọdún méjì láti tún ìwé òjò kan tò, tí ó ya òdo kúrò lára àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, kí ẹni tí ó bá lo iṣẹ́ náà sì dárúkọ rẹ̀ bí a ti ń dárúkọ ẹni tí ó kọ ìwé.

Ó ku ohun kan tí ó kan ẹgbẹ́ wa ní tààrà. Nínú tábìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kó jọ láàrin àwọn adẹ́mu, bí orí òpó kan bá jẹ́ “igba,” kí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Ó lè jẹ́ ìgbà tí wọ́n gun ọ̀pẹ, ó lè jẹ́ igbá tí wọ́n fi bu ẹmu, ó lè jẹ́ igbà tí wọ́n fi gùn ún, ó sì lè jẹ́ igba owó. Àmì ohùn ni òṣùwọ̀n èdè wa, a sì ń fi í sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ni. Lórí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ nípa ewé ilẹ̀ yìí, orúkọ tiwa wà níbẹ̀ láìsí àmì kankan, wọ́n sì kọ “nagot” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láì sọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe ewé kan ní Kétu lè jẹ́ ti ewé mìíràn ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n lè wo ewé náà lórí páálí, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ bó ti yẹ, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣì wà láàyè ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣakẹ́tẹ́ àti ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn ti lé ní 80 ọdún.